Jíìpù kì í dédé ṣubú, ó máa ń kọsẹ̀ ni: bí a ṣe ń wa ọkọ̀ gíga kó má baà gbókìtì

Ọdún 24 ni mo fi wa Hilux àti Land Cruiser ní Òkè-Ògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a máa ń kó láti Ìbàdàn lọ sí Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí, títí dé Kìṣí àti Ìgbẹ̀tì, a sì máa ń ya àwọn abà tí ọ̀nà wọn kò fẹ̀ ju ìbú ọkọ̀ lọ. Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ ni mo ń kọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bá wọn sọ kì í ṣe jíà, kì í ṣe búrékì. Ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀ gíga ṣe ń gbókìtì ni, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, èèyàn sì wà nínú ọkọ̀ náà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni. A ti kọjá Àgọ́-Àmọ̀dù, a dojú kọ Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n ojú títì ti gbẹ. Nọ́ọ̀sì méjì wà pẹ̀lú mi, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kúlà àjẹsára wà nínú ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta wà lórí kẹ́ríyà, torí n kò fẹ́ kí òórùn rẹ̀ máa da àwọn nọ́ọ̀sì láàmú. Eré wa tó 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Lọ́ọ̀rì kan ń bọ̀ níwájú, ọlọ́kadà kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ́ yà á sílẹ̀. Mo fi ọkọ̀ sún sí ọ̀tún kí ọlọ́kadà yẹn lè ráyè kọjá. Bí táyà ọ̀tún méjèèjì ṣe bọ́ kúrò lórí ọ̀dà nìyẹn. Etí títì níbẹ̀ fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ga ju ilẹ̀ lọ.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, koríko lásán ló wà níwájú wa. Àmọ́ mo já sítíárìn sí òsì. Táyà ń fi ẹ̀gbẹ́ ha etí ọ̀dà, kò rí i gùn. Mo tún yí i sí i. Lójijì ó gùn ún, gbogbo ohun tí mo ti yí sílẹ̀ sì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ fò sọdá sí apá kejì títì. Mo tún já a padà sí ọ̀tún. Ìgbà yẹn ni mo rí ilẹ̀ níbi tí ojú ọ̀run wà tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn kò de bẹ́líìtì. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Ó ti gbádùn, a ṣì ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n ní Àgọ́-Àmọ̀dù, nígbà tó fẹ́ de bẹ́líìtì yẹn, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, pé ọ̀nà kò jìn mọ́. Mi ò gbàgbé gbólóhùn yẹn títí dòní.

Kí ló ń dà á gan-an?

Ọ̀pọ̀ gbà pé gíga jíìpù nìkan ló ń dà á. Gíga ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Ẹ wọn àyè tó wà láàrin táyà òsì àti táyà ọ̀tún, ẹ pín in sí méjì. Ẹ wá fi gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí, láti ilẹ̀, pín ìdajì yẹn. Ká ní jíìpù kan, táyà rẹ̀ fi 150 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, ìwúwo rẹ̀ sì kó jọ sí 70 sẹ̀ǹtímítà sókè: ẹ fi 70 pín 75, ó jẹ́ bí 1.07. Ọkọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, àmọ́ tí ìwúwo rẹ̀ wà ní 54, yóò fún wa ní bí 1.39. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, ń lo ìṣirò yìí fún ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù máa ń bọ́ sáàrin 1.00 sí 1.30, ọkọ̀ kékeré sáàrin 1.30 sí 1.50. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ọkọ̀ ṣe yá láti dà tó.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. 1.07 yẹn ń sọ fún wa pé agbára tí yóò ti jíìpù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní láti ju gbogbo ìwúwo rẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó ṣubú. Ọ̀dà títẹ́jú kì í sábà di táyà mú tó bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, táyà á ti máa yọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìgbà tó bá ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí nǹkan wá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ni wàhálà dé: etí ọ̀dà, gọ́tà, yẹ̀pẹ̀ rírọ̀, kòtò, tàbí rìímù tó gé wọlẹ̀ nítorí táyà ti jò. Ẹsẹ̀ dúró, orí ṣì ń lọ. Bí ọmọ ènìyàn ṣe ń kọsẹ̀ náà nìyẹn. NHTSA kan náà sọ pé nínú 100 ọkọ̀ tó dá gbókìtì fúnra rẹ̀, nǹkan bí 95 ló kọsẹ̀ lára nǹkan kan.

Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó wa ọkọ̀ gíga ni pé kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ṣì ń lọ síwájú, kódà bó jẹ́ inú igbó ló ń lọ, ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí táyà bá bọ́ kúrò lórí ọ̀dà

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà jù. Lójú ọ̀nà wa, níbi tí ọ̀gbàrá ti jẹ etí títì lọ, kò sí awakọ̀ tí èyí kò lè ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú, kí ọkọ̀ dojú kọ iwájú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbá búrékì mọ́lẹ̀, torí ẹsẹ̀ òsì wà lórí ọ̀dà, ti ọ̀tún wà lórí yẹ̀pẹ̀. Èyí tó wà lórí ọ̀dà ni búrékì á mú jù, imú ọkọ̀ á sì yí síbẹ̀. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Òkúta á máa ta lábẹ́ ọkọ̀, èrò á máa pariwo, gbogbo ara yín á máa sọ pé kí ẹ já a padà. Ẹ má já a. Ẹ jẹ́ kí eré rẹ̀ wálẹ̀ sí 40, kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àyè bá wà. Kó dúró pátápátá ló dára jù. Ẹ wá wo ẹ̀yìn nínú dígí, ẹ wo iwájú. Bí ẹ bá rí ibi tí etí ọ̀dà ti rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọra gùn ún. Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ sún kúrò lára etí ọ̀dà náà, kí táyà má baà fi ẹ̀gbẹ́ ha á, kí ẹ tó yí ìwọ̀nba díẹ̀ láti gun orí rẹ̀. Gbàrà tí táyà iwájú bá ti gùn, ẹ dá sítíárìn padà sí gbọọrọ.

Kíkà nìkan kò tó. Lẹ́yìn Mọ́níyà, mo máa ń mú àwọn tí mo ń kọ́ lọ sí ojú ọ̀nà kan tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ táyà ọ̀tún kalẹ̀ lórí eré 20, kí wọ́n máa wà á bẹ́ẹ̀ títí n óò fi ka 10, kí wọ́n tó gùn ún padà. Nígbà àkọ́kọ́, gbogbo wọn ló ń já a. Ó di bí ìgbà kẹjọ, ìgbà kẹwàá, kí ọwọ́ wọn tó rọ̀. Ẹ wá ibi bẹ́ẹ̀ nítòsí yín, ẹ mú ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa dání, ẹ ṣe é. Ìṣẹ́jú 20 ni.

Bákan náà ni fún ewúrẹ́ tó bá já wọ títì. Ẹ tẹ búrékì, kí ọkọ̀ máa lọ tààrà. Ẹ má yà fún un. Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ ní olówó. Ẹ dúró, ẹ wá olówó rẹ̀, ẹ san án. Láàrin abúlé, níbi tí ọmọdé lè yọ, òfin 50 tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ṣe kì í ṣe ìnilára. Lórí 50, búrékì nìkan lè gba ọmọ náà là, láì jẹ́ pé ẹ ń yà kiri.

Bí táyà bá bẹ́, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kan búrékì. Ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, kó wà ní gbọọrọ, ẹ tú tọ́tù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà tó bá ti ń rìn bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn ni kí ẹ tó yà sí etí.

Táyà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Firestone pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ jíìpù Ford Explorer. Lórí eré, nínú ooru, awọ òde táyà náà ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Ọkọ̀ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, awakọ̀ á já sítíárìn, jíìpù á kọsẹ̀, á sì gbókìtì. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú. Afẹ́fẹ́ táyà wà lára ohun tí wọ́n jiyàn lé lórí jù: géèjì 26 ni Ford kọ sára Explorer yẹn, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó sì máa ń tẹ̀, á máa gbóná, títí yóò fi tú.

Mo ń sọ èyí nítorí ọ̀pọ̀ jíìpù tòkúnbọ̀ tí à ń wà níbí, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì gbé ẹ̀kọ́ ọ̀ràn yẹn wá sínú dáṣíbọọ̀dù. Iná pupa rúsúrúsú kan wà tó rí bí ẹsẹ̀ ẹṣin tí ìlà kan dúró láàrin rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀ràn Firestone ni òfin Amẹ́ríkà mú un dandan. Ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ táyà kan ti dín kù. Èkejì ni iná ọkọ̀ kékeré tó fa ìlà wíwọ́ méjì sẹ́yìn. Iná yẹn jẹ́ ti ẹ̀rọ kan tó máa ń mú búrékì ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè fa imú rẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Láti ọkọ̀ ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kékeré àti jíìpù. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi sínú jíìpù láti dènà òkìtì, n kò mọ èyí tó dára tó o. Bí iná náà bá tàn tí kò kú, ẹ̀rọ yẹn kò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń lẹ páálí mọ́ iná méjèèjì nítorí pé ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra jíìpù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ rí i pé iná méjèèjì kọ́kọ́ tàn, kí wọ́n sì tún kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde. Bí wọn kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ wọ́n, tàbí kí ọkọ̀ náà má ní wọn rárá.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó rẹ̀. Páálí kan wà níbẹ̀ tó sọ iye géèjì fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Iye yẹn ni kí ẹ sọ fún fúkánáísà, láàárọ̀ tí táyà tutù. Bó bá ní òun á fún un ní 40 torí ọ̀nà jíjìn, ẹ dúpẹ́, ẹ ní iye tó wà lára ọkọ̀ ni kó fi sí i. Ẹ ra géèjì tiyín, kì í wọ́n.

Ẹ wá tẹ̀ ba, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní táyà tó bá ti pé ọdún 4 láti ìgbà tí wọ́n ṣe é kò yẹ lójú ọ̀nà mọ́. Táyà tòkúnbọ̀ máa ń dán, eyín rẹ̀ á ṣì wà, inú rẹ̀ á sì ti gbẹ bí awọ ìlù. N kì í gbé e sábẹ́ ọkọ̀ gíga, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó.

Ẹrù

Ẹni tó ru ìkòkò omi kì í sáré yípo. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tí mo gbé sórí kẹ́ríyà ní ọdún 2011, lítà 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju 60 kílò lọ lókè orí wa. Mo ti sọ nọ́ńbà ọkọ̀ wa, irú 1.07 yẹn, kalẹ̀ kí n tó kúrò ní Ṣakí. Ohun tó bá wúwo, ilẹ̀ ọkọ̀ ni kó wà, kó sún mọ́ àárín, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀. Fóòmù, ẹní, páálí òfìfo ni kẹ́ríyà wà fún. Ìwé ìlànà tó bá ọkọ̀ yín wá ní iye kílò tí òrùlé rẹ̀ gbà. Lára jíìpù púpọ̀ kò ju nǹkan bí 100 lọ, ìwúwo kẹ́ríyà fúnra rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń fi Hilux gbé táǹkì omi lọ sóko, ẹ gbọ́ èyí: omi lítà 1,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Bí táǹkì bá kún dé ìdajì ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, torí ní kọ́nà, omi náà á ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ń tẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ táǹkì kéékèèké tó kún dé ẹnu sàn ju ńlá kan tó kún dé ìdajì. Kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó lórí ẹrù. Mo rí i ní gbogbo ọjọ́ ọjà Ìṣẹ́yìn, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Àwọn tó ń fi sípíríńgì gígùn àti táyà ńlá gbé ọkọ̀ sókè kó lè rẹwà, nọ́ńbà náà ni ẹ ń sọ kalẹ̀. Bí iṣẹ́ kò bá béèrè fún un, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ní kọ́nà, ohun kan péré ni mo ní láti sọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì yín síta á di ìlọ́po mẹ́rin. Kọ́nà tí ẹ gbà lórí 40 tí ara yín balẹ̀, lórí 80 kì í ṣe kọ́nà kan náà mọ́. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ní gbọọrọ. Àwọn kọ́nà orí òkè Èfọ̀n Alààyè ló kọ́ mi ní èyí, pàápàá ní ìgbà ìsọ̀kalẹ̀: jíà kékeré ni kó máa dá ọkọ̀ dúró, kì í ṣe búrékì tí a ń tẹ̀ láàrin kọ́nà.

Nínú oko, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ẹ tó fi ọkọ̀ rìn ín. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń yọ̀, táyà náà á yọ̀. Ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

Òkè, tààrà ni a ń gùn ún, tààrà ni a ń sọ̀ ọ́. Ẹ má gba ẹ̀bá òkè kọjá kí ọkọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́kan, bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bó bá di dandan, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n dúró sí apá òkè, kí ẹnikẹ́ni má wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo òkúta tí táyà apá òkè lè gùn àti kòtò tí táyà apá ìsàlẹ̀ lè rì sí. Bí méjèèjì bá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ tó ti tẹ̀ á tẹ̀ sí i. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó fẹ́ máa lọ, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ yí sítíárìn sí, kí ẹ sì fún un ní tọ́tù díẹ̀. Ọkàn á fẹ́ yí i sókè. Ẹ kọ̀ fún un. Bí imú bá dojú kọ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ti padà sórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí ẹ ń gun òkè, ẹ má yí ọkọ̀ padà lórí òkè náà láé. Ẹ tẹ búrékì mọ́lẹ̀, ẹ fi í sí jíà ẹ̀yìn, ẹ tún ẹ́ńjìnnì gbé dìde, kí ẹ fi ẹ̀yìn sọ̀ ọ́ ní tààrà bí ẹ ṣe gùn ún.

Bí ó bá ti ń dà

Bẹ́líìtì ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí òkìtì ọkọ̀ ń pa ni kò de bẹ́líìtì, ọkọ̀ á jù wọ́n síta, á sì wó lé wọn. Iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀nà jìn tàbí kò jìn. N kì í gbé ọkọ̀ kúrò mọ́ títí n óò fi gbọ́ "ka" lẹ́yìn mi.

Nígbà tó bá ń yí, ẹ fa ọwọ́ mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń na ọwọ́ síta láti fi ti ilẹ̀, apá ló sì ń bá a lọ. Ẹ fi orí ti àga, ẹ jẹ́ kó yí tán. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ pé orí ọkọ̀ ló wà nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ti òrùlé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ti iwájú, kí ẹ tó tú bẹ́líìtì, torí orí ni ẹ óò fi balẹ̀. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn, ẹ má fà á jáde bí kò bá sí òórùn epo tàbí èéfín. 122 ni nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó.

Àwọn ọkùnrin abúlé ló bá wa dá Hilux náà nàró lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́jọ ni wọ́n. Bó ṣe padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin kan wọlé, inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dìde kó lè gbé nọ́ọ̀sì dé ọsibítù ní Ṣakí. Ọkọ̀ tó ti dojú dé, ọ́ìlì lè ti ṣàn wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ibi tí epo ti ń jó. Bí ẹ bá gbé e dìde, ẹ́ńjìnnì náà lè fọ́. Mẹkáníìkì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́kọ̀ akérò kan tó ń ti Ìgbòho bọ̀ ló gbé nọ́ọ̀sì náà lọ, wọ́n sì de bẹ́líìtì fún un.